Funfun ni Iyì Eyín: Bí A Ti Lè Sọ Eyín Di Funfun Nínú Ilé Láìbà Á Jẹ́

Àwọn baba wa a máa sọ pé funfun ni iyì eyín, ọ̀rọ̀ náà sì dúró títí di òní. Ọmọbìnrin tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí oṣù kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ lọ wá iṣẹ́ ní ìlú ńlá, akọrin tí ń dúró níwájú ìjọ ní ọjọọjọ́ Ìsinmi, gbogbo wọn ni ó ń fẹ́ kí ẹ̀rín wọn funfun bí òwú. Ìfẹ́ náà kò burú. Nígbà tí Jákọ́bù ń súre fún Júdà ọmọ rẹ̀, kò gbàgbé eyín nínú ìre náà. Wàrà ni ó fi wé e. Ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà wá funfun náà. Ẹlòmíràn a fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra eyín. Ẹlòmíràn a gún èédú kúnná, a sì fi í ha eyín títí èrìgì yóò fi ṣẹ̀jẹ̀. Ẹlòmíràn a ra omi inú ìgò kékeré kan lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí ní ibùdókọ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, omi tútù kò ṣeé mu fún un mọ́, eyín tí ó fẹ́ kí ó funfun a sì tún pọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Kí ìdí èyí lè yé ni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí a ti dá eyín. Bí a bá mú ọmọ àgbàdo pupa kan tí a sì fi èékánná họ ọ́, a ó rí i pé awọ tín-ín-rín kan tí ó mọ́ gaara ni ó bò ó, àwọ̀ pupa náà sì wà ní abẹ́ awọ yìí. Láti inú ni ó ti ń hàn síta. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni eyín rí. Ìbora kan wà lóde rẹ̀ tí ó le ju egungun lọ, tí ó tilẹ̀ le ju ohun gbogbo mìíràn tí ó wà nínú ara ènìyàn lọ. Níbi tí ó ti nípọn jù, kò ju mìlímítà 2 àbọ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ a sì máa là á kọjá díẹ̀. Ní abẹ́ ìbora yìí ni ara eyín gan-an wà, èyí sì pọ́n díẹ̀, bí eyín erin tí ó ti pẹ́ lórí pẹpẹ. Ara eyín yìí kún fún àwọn ihò tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí wọn, wọ́n sì lọ títí dé ibi tí iṣan ìmọ̀lára wà. Nítorí náà, bí ìbora òde bá ti fẹ́lẹ́ tó ni pípọ́n inú yóò ti hàn tó, bẹ́ẹ̀ náà ni omi tútù àti omi gbígbóná yóò ti máa ta eyín tó.

Bí ọkọ́ bá ṣá ni lẹ́sẹ̀, ojú ọgbẹ́ a jiná. Bí egungun bá ṣẹ́, a lè tò ó kí ó sì tún so pọ̀. Èékánná tí a gé ní ọjọ́ Sátidé yóò tún hù. Ṣùgbọ́n ìbora eyín kò ní ẹ̀jẹ̀, kò sì ní ẹ̀mí nínú; ohun tí ó hun ún ti kú kí eyín tó yọ jáde láti inú èrìgì, èyíinì ni ẹran tí ó di ìdí eyín mú. Itọ́ ẹnu lè mú kí ibi tí ó ti rọ̀ díẹ̀ tún le, pàápàá bí ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fúlọ́ráìdì bá ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tí a bá họ kúrò ti lọ títí láé.

Láti inú èyí ni a ti rí i pé oríṣi ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbà fi ọwọ́ ara wọn sọ eyín di funfun. Èkíní ni kí a mú ohun tí ó lẹ̀ mọ́ eyín kúrò, kí eyín fúnra rẹ̀ sì kù síbẹ̀ ní pípé. Èkejì ni kí a mú díẹ̀ nínú eyín kúrò pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrín ẹni tí ó wẹ̀ àti ẹni tí ó bóra. Ẹni tí ó bóra a kọ́kọ́ dán, àwọn ènìyàn a sì máa yìn ín. Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ a di èyí tí oòrùn ń jó. Eyín tí a bó ń tọ ọ̀nà kan náà, àfi pé awọ ara ṣì ń hù. Ó dùn mọ́ni pé nígbà tí Orin Sólómọ́nì ń yin eyín arẹwà, agbo àgùntàn tí ń gòkè bọ̀ láti ibi ìwẹ̀ ni ó fi wé e.

Ó yẹ kí a tún mọ̀ pé eyín tí ara rẹ̀ dá ṣáká kì í sábà funfun bí ẹfun. A dá àwọ̀ eyín mọ́ olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí a ti dá àwọ̀ ara mọ́ ọn. Àyà ọ̀pọ̀ ìyá a máa já nígbà tí ọmọ wọn bá pé ọdún 6 tàbí 7, tí eyín titun tí ó hù sí ipò èyí tí ó ká sì pọ́n ju àwọn tí ó kù lọ. Èyí kì í ṣe àrùn rárá. Eyín ọmọdé ni ó funfun ju ti àgbàlagbà lọ. Bí gbogbo wọn bá ti pààrọ̀ tán, ìyàtọ̀ náà kò ní hàn mọ́. Kí ìyá má ṣe tìtorí èyí fi iyanrìn ha ọmọ lẹ́nu. Bí ọjọ́ sì ti ń gorí ọjọ́, ìbora òde a máa jẹ díẹ̀díẹ̀, ara eyín inú a sì máa nípọn sí i. Ìdí nìyí tí eyín arúgbó fi ń pọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹni tí kò fi pákò ṣeré rí.

Nínú àwọn ohun tí ń ba àwọ̀ eyín jẹ́, èyí tí ó wà lóde ni ó rọrùn jù láti mú kúrò, obì sì ni olórí rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Awakọ̀ tí ń jẹ obì gbànja láàárọ̀, tí ó tún ń jẹ ẹ́ ní òru kí oorun má baà gbé e lọ, omi obì náà a máa rin eyín rẹ̀ bí aró ti ń rin aṣọ. Orógbó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àti tíì dúdú, àti kọfí. Tábà fífà àti aáṣáà tí àwọn àgbà ń fi sí ẹnu burú ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, nítorí pé lẹ́yìn dúdú tí wọ́n ń fi sí eyín, wọ́n ń fa jẹjẹrẹ ẹnu. Ẹni tí kò bá ní dín wọn kù, kí ó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu nípa funfun. Ó dà bí ẹni tí ń gbálẹ̀ tí ọmọdé sì ń da eérú lé e lẹ́yìn. Ní ti obì, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kí Yorùbá má jẹ ẹ́ mọ́, nítorí òun ni a fi ń gbàlejò. Kí ó sá má ṣe wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan gbáko, kí a sì fi omi yọ ẹnu dáadáa nígbà tí a bá jẹ ẹ́ tán. Omi ife kan ni gbogbo ìnáwó rẹ̀.

Ìdọ̀tí òde mìíràn wà tí omi àti pákò kò lè ràn. Bí a bá fi ìyókù oúnjẹ àti kòkòrò àìfojúrí sílẹ̀ ní ìdí eyín, ohun tí ó kọ́kọ́ rọ̀ bí ògì a di líle bí òkúta láàrín ọjọ́ díẹ̀, nítorí àwọn èròjà tí ó wà nínú itọ́. Yóò pọ́n, tàbí yóò dúdú, yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀ iwájú ju ibòmíràn lọ. Àwọn kan a fi abẹ́rẹ́ tàbí ṣóńṣó ọ̀bẹ wá a kúrò, wọ́n a sì gún èrìgì tàbí kí wọ́n ha ìbora eyín. Oníṣègùn eyín nìkan ni ó ní irinṣẹ́ tí ó lè mú un kúrò láìpa eyín lára. Irú àwọn oníṣègùn bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn, ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, àti ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan ń kiri láàrín àwọn ènìyàn wa pé ẹni tí dókítà bá bá họ eyín, eyín rẹ̀ yóò máa mì lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ọ̀pọ̀ dúró nílé títí eyín wọn fi ká. Ẹ jẹ́ kí a wo òpó ilé tí ikán ti bò. Nígbà tí ẹnì kan bá gbọn erùpẹ̀ ikán náà dànù, a ó rí i pé igi inú rẹ̀ ti di ẹlẹgẹ́. Ṣé ẹni tí ó gbọn erùpẹ̀ ni ó jẹ igi? Òkúta ìdí eyín àti kòkòrò tí ó fi í ṣe ilé ni ó ti ń jẹ èrìgì àti egungun tí ó di eyín mú láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí dókítà ṣe ni pé ó ṣí i payá kí ìyókù má baà lọ. Bí èrìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tí a bá ń run orín, tí ẹnu sì ń rùn bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a fọ̀ ọ́, kí a fi ọ̀rọ̀ funfun sílẹ̀ ná kí a lọ tọ́jú èrìgì. Eyín funfun tí ó ká kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Àbàwọ́n tí ó wà nínú eyín fúnra rẹ̀ ni èkejì, èyí sì ni ó ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù, nítorí wọ́n rò pé ọwọ́ àwọn ni kò le tó. Ọmọ tí ó ṣubú lórí pápá tí ó fi eyín lu ilẹ̀, eyín náà lè kú láti inú, kí ó sì di dúdú lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún. Kò sí ìyẹ̀fun tí ó lè fọ èyí. Bákan náà ni oògùn tẹtirasáìkílíìnì, hóró pupa àti yẹ́lò tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ ní ilé ìtaògùn fún ìgbà pípẹ́. Bí aboyún bá lò ó nígbà tí oyún bá ti kọjá ìdajì, tàbí tí a bá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8, yóò wọ inú eyín tí ó ń dàgbà lọ́wọ́ nínú èrìgì, eyín náà yóò sì jáde pẹ̀lú ìlà eléérú tàbí aláwọ̀ ilẹ̀ tí yóò bá ọmọ náà dàgbà. Ìyá tí ó ń ra oògùn yìí fún ìgbẹ́ gbuuru ọmọ ń ra ìtìjú sílẹ̀ fún un, láìmọ̀. Ìdí mìíràn rèé tí ó fi yẹ kí ọmọ dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kí ó tó gbé hóró oògùn kan mì.

Omi mímu náà wà nínú àwọn tí ń ṣe é, bí a sì ti mọ èyí jẹ́ ìtàn tí ó tọ́ kí a gbọ́. Ní ọdún 1901, oníṣègùn eyín kan tí ń jẹ́ Frederick McKay dé ìlú Colorado Springs ní Amẹ́ríkà. Ó bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ lára eyín wọn, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ìdí rẹ̀. Àwọn kan ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, àwọn kan ní wàrà tí kò dára ni. Ó wá a fún ọgbọ̀n ọdún. Ní ọdún 1931 ni H. V. Churchill, tí ń ṣe iṣẹ́ kẹ́místrì ní ilé-iṣẹ́ alumíníọ́mù, yẹ omi ìlú Bauxite ní Arkansas wò, níbi tí eyín àwọn ọmọ ti rí bákan náà, ó sì rí i pé fúlọ́ráìdì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí ó yani lẹ́nu ni pé eyín alábàwọ́n wọ̀nyí kì í tètè jẹrà. Láti ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé fúlọ́ráìdì díẹ̀ ń dáàbò bo eyín, ṣùgbọ́n àpọ̀jù rẹ̀ nígbà ọmọdé ń ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Irú eyín bẹ́ẹ̀ wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú. A mọ̀ ọ́n ní agbègbè Langtang ní ìpínlẹ̀ Plateau. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ wá tí ó ń fi iyanrìn ha eyín rẹ̀, ohun tí ó wà nínú odi ni ó ń gbìyànjú láti gbá kúrò lára ògiri òde.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ohun tí a ń lò. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni ó léwu jù nínú àwọn tí ó wà ní ilé ìdáná, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni àwọn ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé jù, nítorí ó ń fọ ẹja, ó sì ń fọ ìpẹ̀tà. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife, kí ó sì gbé ẹyin adìẹ sínú rẹ̀. Láìpẹ́ yóò rí i tí èéfọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára èèpo ẹyin náà. Bí ó bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, èèpo náà yóò ti rọ̀. Òótọ́ ni pé ẹyin kì í ṣe eyín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ilé-ìwé a máa ṣi ọ̀kan kọ fún èkejì. Èròjà wọn kò rí bákan náà tán, eyín sì le ju èèpo ẹyin lọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n omi kíkan ń yọ́ àwọn méjèèjì. Eyín tí a fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra a máa dán ní ọjọ́ kìíní nítorí pé òde rẹ̀ ti bó. Bí a bá sì wá tètè gbé pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì lé e nígbà tí ó ṣì rọ̀, ohun tí ó kù a tẹ̀lé e. Nítorí náà, ẹni tí ó bá jẹ ọsàn tàbí tí ó mu ohun kíkan, kí ó fi omi lásán yọ ẹnu, kí ó sì dúró bí ìdajì wákàtí kí ó tó fọ eyín.

Èédú ti di ohun tí a ń tà nínú ike ẹlẹ́wà ní àwọn ìlú òyìnbó, èyí sì ti mú kí àwọn ọ̀dọ́ wa rò pé àwọn baba wa gbọ́n jù wọ́n lọ ní ti èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn oníṣègùn eyín kan ní Amẹ́ríkà kó àwọn ìwé tí a ti kọ lórí èédú ìfọyín jọ, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò. Wọn kò rí ẹ̀rí tí ó tó pé ó ń sọ eyín di funfun tàbí pé kò ní ewu. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń ha ìdọ̀tí òde, bí ó bá sì ṣe ṣákaṣàka, ó ń ha eyín pẹ̀lú. Eérú, iyanrìn àti bíríkì gígún burú jù ú lọ. Iyọ̀ tí a pò mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára fún yíyọ ẹnu nígbà tí èrìgì bá ń dunni, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi hóró iyọ̀ gbígbẹ ha eyín.

Ní ti omi inú ìgò tí kò ní orúkọ, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. Olùtajà a pe ènìyàn kan síwájú, a fi òwú nu eyín rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, eyín náà a sì funfun lójú gbogbo èrò. Ohun tí ó lè ṣe èyí ní ìṣẹ́jú kan lára eyín kò jìnnà sí èyí tí a ń fi fọ irin. Olùtajà yóò ti wọkọ̀ lọ sí ọjà mìíràn nígbà tí ìrora bá bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó dára fún fífọ ìdọ̀tí òde ti wà lọ́wọ́ wa kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀. Pákò ni. Orin ata wà, tí ń ta ni lẹ́nu tí ó sì ń mú ahọ́n kú díẹ̀. Pákò Ìjẹ̀bú wà, àti orin àyàn, àti igi ewúro fún ẹni tí kò kọ kíkorò, àti dongoyaro tí ó jẹ́ àlejò láti ilẹ̀ Íńdíà tí ó ti di ọmọ ilé. Kì í ṣe okùn rẹ̀ nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Omi inú àwọn igi wọ̀nyí ń bá kòkòrò àìfojúrí ẹnu jà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ń ṣe ìwádìí lórí pákò, ohun tí wọ́n rí nínú orin ata ju ọ̀rọ̀ eyín lọ: ní ọdún 1971 ni ìwé jáde tí ó sọ pé omi gbòǹgbò rẹ̀ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ alárùn fòníkú-fọ̀la-dìde padà sí ìrísí rẹ̀ nínú ìgò àyẹ̀wò. Ó ṣeni láàánú pé gbòǹgbò igi yìí ni a ń wà, igi tí a bá sì wà gbòǹgbò rẹ̀ tán kì í yè. Àgbẹ̀ tí ó bá ní ààyè ní ẹ̀bá ààlà oko, kí ó dá díẹ̀ sí, kí ó sì gbin òmíràn.

Ọ̀pọ̀ ni ó ń run orín, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n lò. Kí pákò tutù, kí ó nípọn bí ìka ọwọ́ tí ó kéré jù, kí ó sì gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Kí a fọ̀ ọ́ kí a tó fi í sí ẹnu. Kí a run orí rẹ̀ títí yóò fi di ìgbálẹ̀ rírọ̀. Èyí tí ó bá ṣì le bí ẹ̀ka igi ń gún èrìgì ni. Lẹ́yìn náà, láti èrìgì lọ sí ẹnu eyín ni kí a máa fà á, kì í ṣe bí ẹni tí ń fi ayùn la pákó sọ́tùn-ún sósì. Ayùn yìí ni ó gbẹ́ kòtò sí ọrùn eyín ọ̀pọ̀ àgbà tí wọn kì í fi ọjọ́ kan ṣaláì run orín. Iwájú eyín nìkan kọ́ ni a ń fọ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ wà, eyín inú tí a fi ń lọ oúnjẹ wà, ahọ́n pàápàá wà. Kí a gé orí rẹ̀ tí a ti lò sọnù kí a tó lò ó ní ọjọ́ kejì, kí ẹni méjì má sì ṣe lo ẹyọ kan.

Kí pákò má ṣe lé ọṣẹ ìfọyín jáde, nítorí fúlọ́ráìdì kò sí nínú pákò ní ìwọ̀n tí ó tó láti dènà kí eyín jẹrà. Kí a wo ara ọṣẹ náà fún ìwọ̀n láti 1,000 dé 1,500 nínú mílíọ̀nù kan. Kí a lò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, pàápàá kí a tó sùn, kí a tu ìfófòó rẹ̀ dànù, kí a má sì ṣe fi omi púpọ̀ ṣàn án kúrò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ìwọ̀n hóró ìrẹsì ti tó fún un; láti ọdún 3 dé 6, kí ó tó hóró ẹ̀wà kan, kí a sì dúró tì í kí ó má baà gbé e mì. Ọṣẹ tí a kọ ọ̀rọ̀ funfun sí lára gàdàgbà ń mú ìdọ̀tí òde kúrò ni. Kò lè yí àwọ̀ inú padà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ohun tí ó ju ọṣẹ lọ fún àbàwọ́n obì àti tíì, sódà baikabónéètì, ìyẹ̀fun funfun tí àwọn tí ń ṣe àkàrà òyìnbó ń lò, ni ó tọ́ kí ó yàn. Ó rọ̀ ju ìbora eyín lọ, ó sì ń yọ́ nínú itọ́, nítorí náà kì í ha eyín bí èédú. Kí ó fi omi rin díẹ̀, kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ eyín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ó má sì pò ó mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ bí àwọn kan ti ń kọ́ni.

Bí a bá ti ṣe gbogbo èyí fún oṣù kan tí eyín ṣì pọ́n, a jẹ́ pé láti inú ni. Oògùn kan wà tí ń wọ inú eyín lọ tí ó sì ń tú àwọ̀ ibẹ̀ ká láìha ohunkóhun: háídírójìn pẹrọ́ksáìdì, tàbí ìbátan rẹ̀ kábámáìdì pẹrọ́ksáìdì. Ní ọdún 1989 ni àwọn oníṣègùn eyín méjì ní Amẹ́ríkà, Haywood àti Heymann, tẹ ìwé jáde nípa bí a ti ń lò ó nínú ilé. Dókítà yóò wọn ẹnu ènìyàn, yóò ṣe àwo rírọ̀ tí ó bá eyín rẹ̀ mu, ẹni náà yóò sì fi ìwọ̀nba oògùn tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìpín 10 nínú 100 sínú rẹ̀, yóò fi í sùn. Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ń gbà. Fún àbàwọ́n tẹtirasáìkílíìnì, oṣù mélòó kan ni. Omi tútù lè máa ta eyín ní àkókò yìí, a sì máa lọ nígbà tí a bá dá oògùn náà dúró. Kì í ṣe fún ọmọdé tàbí aboyún, kì í sì í ṣe fún ẹni tí ihò wà ní eyín rẹ̀, nítorí oògùn yóò gba inú ihò náà wọlé lọ bá iṣan. Ní àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tí ó wà ní ìṣọ̀kan, láti ọdún 2012, òfin ti sọ pé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín nìkan ni a ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú oògùn yìí bí agbára rẹ̀ bá ju ìpín kan nínú 1,000 lọ, kò sì gbọdọ̀ dé ọwọ́ ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ ra pẹrọ́ksáìdì tí a fi ń fọ ọgbẹ́ kí ó máa fi í ra eyín. Èyí tí àwọn aṣerunlóge fi ń kun irun tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò jó èrìgì.

Ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ yóò wáyé nínú oṣù Ọ̀pẹ, kí ó má ṣe dúró di ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn. Kí ó lọ họ òkúta ìdí eyín nínú oṣù Ọ̀wàrà, kí ó dín obì àti tíì kù láti ìgbà náà lọ, kí ó máa run orín láàárọ̀ kí ó sì máa fi ọṣẹ fọ eyín ní alẹ́. Ọ̀pọ̀ ni yóò rí i pé èyí nìkan ti tó. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ fi eyín àtọwọ́dá dí àlàfo, tí ó sì tún fẹ́ lo oògùn àwo, kí ó kọ́kọ́ parí ti oògùn, kí ó dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọ̀ náà fìdí múlẹ̀, kí dókítà tó mú eyín tí yóò bá a mu. Nítorí oògùn náà kò lè yí àwọ̀ eyín àtọwọ́dá padà, bí a ti rà á ni yóò wà.